Ẹnu ẹjọ́: ta ni ilé ẹjọ́ ń gbọ́ tirẹ̀ lórí odò tí wọ́n bà jẹ́?

Láti ìgbà tí omi odò Ọ̀ṣun ti pọ́n, tí àwa ará Òṣogbo sì ti ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò lórí rédíò: ǹjẹ́ ẹgbẹ́ aláàbò àyíká lè gbé iléeṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí sódò lọ sílé ẹjọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò mu nínú omi ọ̀hún, tí kò pẹja níbẹ̀, tí kò sì ní ilẹ̀ létí odò? Locus standi ni àwọn agbẹjọ́rò ń pe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn atọ́kùn ètò gé e kù sí “lókọ́ọ̀sì”, àwọn kan tó fẹ́ ṣe Yorùbá sì tú u sí “ibi ìdúró”. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ “ibi ìdúró” nílùú yìí, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò ní Ọláìyá ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ.

Ẹnu ẹjọ́ ni mo ń pè é, n kò sì lọ jìnnà kí n tó rí i. Bí Yorùbá bá ní ẹnì kan kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀, wọn kò sọ pé irọ́ ló ń pa. Òótọ́ pọ́ńbélé lè wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kàn ń sọ pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ti yẹ kí àwọn gbọ́ ọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí ní kóòtù: kí adájọ́ tó yẹ ẹjọ́ wò rárá, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó gbé e wá lẹ́nu níbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń pè é ní “ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́”, gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́. Orí ẹjọ́ wo ni ìbéèrè náà.

Ẹni tí mo ń bá jiyàn gan-an ni olùkọ́ èdè kan tó ní “ọ̀ràn-kàn” ló tọ́, nítorí pé ẹni tí ọ̀ràn kàn ló ń pẹjọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́, n kò jiyàn ìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó. Òfin àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ní 1981, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà pe Ààrẹ lẹ́jọ́ lórí yíyan alága àjọ elétò ìdìbò, FEDECO, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò fi hàn pé ọ̀ràn náà kan òun ju bó ṣe kan ọmọ Nàìjíríà yòókù lọ, wọ́n sì dá a padà. Ìlànà yẹn ni wọ́n fi ń lé àwọn ẹgbẹ́ kúrò ní kóòtù fún ọdún pípẹ́.

Ó dé orí ẹjọ́ Acha, ní Isukwuato, Ìpínlẹ̀ Abia. Ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch ní epo jò láti inú ọ̀pá NNPC, ó sì wọ odò Ineh àti Aku tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ní 2005, wọ́n ní kí NNPC tún odò ṣe, kí ó pèsè omi mímu, kí ó sì pèsè ìtọ́jú ìlera fún àwọn tí ó bá kó bá. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e pé ẹgbẹ́ náà kò lẹ́nu níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì kín in lẹ́yìn. Ní July 20, 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n wo abala 20 nínú ìwé òfin wa, tó ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ní abala 33. Wọ́n wo abala 24 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà. Wọ́n sì gbà pé ẹgbẹ́ tó fi òótọ́ inú wá láti mú òfin àyíká ṣẹ lẹ́nu ẹjọ́. Ọdún 13 ti kọjá lọ lórí bóyá kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, láìsí adájọ́ kan tó tíì gbọ́ ẹjọ́ omi Ineh gan-an.

Ẹ wò ó báyìí: bí iná bá sọ ní Ọjà Ọba lóru, kò sí ẹni tí yóò bi ẹni tó kọ́kọ́ ké pé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ dà kí wọ́n tó gbé omi.

“Ọ̀ràn-kàn” ì bá tọ́ fún Amẹ́ríkà. Òfin omi wọn ti 1972 fàyè gba ará ìlú láti pe ẹni tó ń ba odò jẹ́ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú ọmọ ẹgbẹ́ tí nǹkan náà kàn wá. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe iléeṣẹ́ Laidlaw, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ dá ní 2000, lórí mákúrì tí wọ́n ń dà sínú odò North Tyger ní South Carolina, ẹ̀rí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ní ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn pẹja tàbí lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mọ́ ló gba ẹgbẹ́ tó pẹjọ́ là. Bí olùkọ́ mi bá fẹ́ kó lọ sí South Carolina, n óò bá a di ẹrù.

Ó ti fèsì pé “lẹ́nu ẹjọ́” lè dà bí “lẹ́nu iṣẹ́”, kí ènìyàn rò pé ẹni tó wà láàárín ẹjọ́ ni mò ń sọ. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbi tó bá ti lè rú ènìyàn lójú, kí a kọ ọ́ ní kíkún: “ó ní ẹnu ẹjọ́”. Èyí kò tó ohun tí a ó fi sọ ọ̀rọ̀ dáadáa nù.

Níní ẹnu ẹjọ́ kì í ṣe jíjàre o. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pẹjọ́ lórí odò Ọ̀ṣun ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn ta ló da kí ni sódò. Láti Èkìtì ni odò náà ti ń bọ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kọjá kó tó dé Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi náà sínú ìgò, tí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀, òkè yóò sì mọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjé tàbí mákúrì bá wà nínú èyí tó mọ́ yẹn, ojú lásán kò lè rí i. Èsì àyẹ̀wò láti òkè odò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti bu omi kọ̀ọ̀kan, ni agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ bi wọ́n.