Àdéhùn T5

Àdéhùn T5 ni àdéhùn tí iléeṣẹ́ BAA, tó ni pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow nílùú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, bá àwọn agbaṣẹ́ṣe tọwọ́ bọ̀ láti fi kọ́ Terminal 5, ibùdó èrò kan ní pápá náà. Ohun tó sọ ọ́ di ohun tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń tọ́ka sí ni pé BAA, tó gbé iṣẹ́ jáde, ló fi orí ara rẹ̀ ru ewu iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ jáde kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti kọ́gbọ́n kò jìnnà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1994, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin Heathrow Express wó lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ jìn gidi. Dípò kí BAA àti agbaṣẹ́ṣe máa bára wọn ṣẹjọ́, wọ́n jọ kóra wọn sínú ikọ̀ kan ṣoṣo tó tún iṣẹ́ náà ṣe, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà lọ́dún 1998. Ọdún yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tí John Egan, ọ̀gá àgbà BAA nígbà náà, darí fún ìjọba sọ pé iṣẹ́ ìkọ́lé ní Bìrìtìkó ń fi owó àti àkókò ṣòfò.

Nínú àdéhùn tó wọ́pọ̀, agbaṣẹ́ṣe tó bá rí àṣìṣe á kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù, kó tó wá àtúnṣe. Àdéhùn T5 yí èyí padà. Iye tí iṣẹ́ náà ná wọn gan-an ni BAA ń san, pẹ̀lú èrè tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí. Adójútòfò kan ṣoṣo ló sì bo gbogbo iṣẹ́. Bí nǹkan bá yíwọ́, èrè nìkan ni agbaṣẹ́ṣe lè pàdánù. Ẹni tó rí irin tó wọ́ kò wá ní ìdí púpọ̀ mọ́ láti fi pamọ́.

Òrùlé ibùdó náà ló fi èyí hàn jù. Nítorí àwọn ẹ̀rọ rédà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfurufú, wọn ò lè na ọwọ́ kiréènì sókè bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ to apá kan òrùlé náà ní Yorkshire, tó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣàtúnṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó, lẹ́yìn náà ni wọ́n tò ó nílẹ̀ ní Heathrow, tí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ó sì ná wọn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 pọ́n-ùn. Wọ́n ṣí ibùdó náà lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2008, ọjọ́ tí wọ́n ti dá tipẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ètò ẹrù dàrú: British Airways fagi lé ọ̀pọ̀ ìrìnàjò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò èrò sì há síbẹ̀. Nígbà tí Willie Walsh, ọ̀gá àgbà British Airways nígbà náà, fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, ó ní àwọn dín ìdánwò kù nítorí pé àwọn apá kan ilé náà kò tètè parí.