"Ẹ̀rọ Ló Wọ̀n Ọ́n": Ta Ló Pàṣẹ fún Ẹ̀rọ?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Odógúnyàn tàbí lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kí ẹ ní àpò tí ẹ rà ò tó kílò 25. Ìdáhùn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n, mọ́mì, kì í ṣe ọwọ́." Bí ẹni tó ti búra tán ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Oníbàárà á mi orí, á ní kí wọ́n bá òun gbé e sínú Márúwá, ó di ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Pé ẹ̀rọ sàn ju kóńgò lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé, a sì mọ ìka tó máa ń wà nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń bù ú. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ tó ń dá wọn nǹkan máa ń wo oúnjẹ náà títí á fi pé 25 géérégé, kó tó wá ti ilẹ̀kùn tí oúnjẹ ń gbà jáde. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ń dúró dìgbà tó bá pé, gbogbo àpò ni ì bá máa lé, onílé-iṣẹ́ ì bá sì ti kógbá wọlé.

Ẹ̀rọ náà kò díjú. Táńkì ńlá wà lókè, inú rẹ̀ ni oúnjẹ tí wọ́n ti pò wà. Ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ń ṣí tó sì ń tì. Lábẹ́ ilẹ̀kùn yìí ni họ́pà onírin wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn oúnjẹ kó tó bọ́ sínú àpò; ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, kò sì fara kan nǹkan mìíràn ju load cell mẹ́ta tó gbé e dúró. Load cell kì í ṣe nǹkan ju irin kan lọ. Bí ẹrù bá lé e, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀, ojú lásán ò lè rí i, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á sì nà pẹ̀lú rẹ̀. Wáyà tó bá ti nà kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni wọ́n ń sọ di kílò. Edward Simmons àti Arthur Ruge ló ṣe irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938, kálukú nílé tirẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé kọ̀ǹpútà ló bí ẹ̀rọ tó ń dá wọn ọkà, kó mọ̀ pé láti 1883 ni ìjọba Jámánì ti fọwọ́ sí èyí tí Reuther àti Reisert ṣe ní ìlú Hennef, tó jẹ́ kìkì irin àti òkúta ìwọ̀n, kò sí iná kankan nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ jíjábọ́. Àwọn tó kàwé díẹ̀ láàárín wa ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní oúnjẹ yẹn ń ti òkè já bọ́, jíjábọ́ rẹ̀ ní agbára, ẹ̀rọ wá ń ka agbára yẹn mọ́ oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí àpò fi ń dín. Ó dùn ún gbọ́. Ìdajì rẹ̀ tiẹ̀ jóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti fà tu lọ́kàn èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní kílò 5 ló ń jáde lẹ́nu táńkì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń já bọ́ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Jíjábọ́ yẹn á gbà á tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ fi 5 pa á pọ̀: kílò 2 oúnjẹ ló wà lófuurufú nígbàkígbà, tó ti kúrò nínú táńkì, tí kò tíì dé họ́pà. Òṣùwọ̀n ò tíì mọ̀ ọ́n rárá. Àwọn onímọ̀ wa máa ń gbàgbé kílò 2 yìí. Ẹ wá wo agbára tí wọ́n ń pariwo. Ohun tó bá já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 80 á ti máa sáré tó mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tó bá balẹ̀. Bí kílò 5 bá ń fi eré yẹn gúnlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń tẹ òṣùwọ̀n náà ni kílò 2 tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí rẹ̀ á ṣe tẹ̀ ẹ́.

Kílò 2 ni òṣùwọ̀n ò tíì rí. Kílò 2 náà ló ń kà láṣìṣe. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Kò sì ní í ṣe pẹ̀lú 80 tí mo mú. Ẹ gbé táńkì sókè sí i, oúnjẹ tó wà lófuurufú á pọ̀ sí i, agbára jíjábọ́ náà á le sí i, wọ́n á tún bá ara wọn dọ́gba, níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ náà bá ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn kan títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi, wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n ó ń já bọ́ ṣá." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń já bọ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni àkókò. Ilẹ̀kùn kì í tì lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ ní láti wọlé, irin ní láti rìn. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń wò pàápàá ti pẹ́ díẹ̀, torí gbogbo ilé náà ló ń gbọ̀n, kò sì lè gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì gbọ́. Ó ní láti da nọ́ńbà bíi mélòó kan pọ̀ kó tó mú èyí tó wà láàárín. Bí oúnjẹ bá ń jáde ní kílò 5, ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré tó fi pẹ́ ti di kílò kan. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣáájú, bí awakọ̀ tó fẹ́ já èrò ní Àgíríkì ṣe máa ń tẹ bíréèkì kó tó dé bọ́sítọ́ọ̀bù. Ìdí tún nìyẹn tó fi ń da oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì: á kọ́kọ́ tú u gbàà títí tó fi kù díẹ̀, á wá fún ẹnu ilẹ̀kùn pọ̀ kó máa ro tó-tó-tó. Bí ó bá ti di ìdajì kílò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpẹ́ kan náà yẹn ò ju 100 gíráàmù lọ mọ́.

Àmọ́ ìméfò ṣì ni. Ohun tó bọ́ sínú họ́pà lánàá ló fi ń méfò tòní. Bí táńkì òkè bá ń gbẹ lọ, bí àgbàdo tí wọ́n lọ̀ bá kúnná jù, bí ọ̀rinrin bá mú un, bó ṣe ń ṣàn á yí padà. Ìrẹsì rọrùn ní tirẹ̀, ó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní 2023 kò ní irú ìṣòro tí ẹni tó ń wọn èérí ọkà àti ẹja lílọ̀ ní.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti tì, ẹ̀rọ á dúró díẹ̀, gbogbo nǹkan á rọlẹ̀, á wá ka ohun tó wà nínú họ́pà gan-an. Kíkà yìí ni òótọ́. Ìyẹn ni pé kí àpò tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ ti mọ̀ bóyá ó dín. Á bá a wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ fún un: títí dé ibo ni kó jẹ́ kó lọ? Ọwọ́ ènìyàn ló tẹ nọ́ńbà yẹn. OIML, àjọ àgbáyé lórí òfin ìwọ̀n tó wà ní Paris láti 1955, gbà pé àpò kílò 25 kan lè dín tó 250 gíráàmù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da ọ̀pọ̀ àpò pọ̀, ìpíndọ́gba wọn ò gbọdọ̀ dín. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n tẹ 24.8 á máa sọ pé òun ò kọjá ààyè. Ní àpò 100, kílò 20 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó pọ̀ jù lọ kì í tiẹ̀ ṣe olè. Lásìkò òjò, oúnjẹ máa ń lẹ̀ mọ́ inú họ́pà. Bí 300 gíráàmù bá lẹ̀ síbẹ̀ tí kò já, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò sì dá nọ́ńbà padà sí òdo, ẹ̀rọ á máa ka 300 yẹn mọ́ gbogbo àpò. Yóò máa kọ 25, àpò yóò máa gba 24.7, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, láìsí ẹni tó gbèrò ibi. Bùrọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń wòye ló máa ń tán ìyẹn, méjèèjì sì ṣọ̀wọ́n.

Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ nígbà náà? Ó ṣeé ṣe. Ó tún ṣeé ṣe kí oúnjẹ yẹn ti gbẹ díẹ̀ ní ìsọ̀ tó wà, tàbí kí síkéèlì tiyín ló ń purọ́. Síkéèlì onísípíríìnì tí wọ́n fi ń wọn ara nílé kò ṣeé fi pe ẹjọ́. Ẹ má fi àpò kan bínú. Ẹ wọn mẹ́wàá lórí síkéèlì tó dára, ẹ yọ ìwọ̀n àpò òfìfo kúrò, kí ẹ pín in. Bí ìpíndọ́gba bá dín, ẹ ti ní ọ̀rọ̀ í sọ nìyẹn.

Kí ẹ sì béèrè síkéèlì ilẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ náà wò, torí họ́pà ò gba àpò, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé àpò tí wọ́n ti rán padà sínú rẹ̀ láti tún un wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní síkéèlì ilẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń fi ọkàn wọn balẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó wà, ọ̀gá ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ.