Ta ló rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ?

Ìbéèrè tí mo fi ṣí iṣẹ́ nìyẹn ní kíláàsì SS 2 kan ní Yábàá, lẹ́yìn tí a ti pín ipa inú òpèrà Ọba Kò So kà tán. N kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n fi dáhùn: "Ṣàngó ni, mà!" Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tiẹ̀ ti fi rọ́bà dè rúlà, ó ń fà á bí ọfà Tìmì.

Àwa àgbà náà kò yàtọ̀ sí wọn. Bí ìlù àti oríkì bá ti wọ inú ìtàn, a ti gbà pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní 1963 ni Dúró Ládípọ̀ gbé òpèrà náà jáde ní Òṣogbo. Nínú rẹ̀, Ṣàngó ní balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, tí agbára wọn ti pọ̀ jù. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Nígbà tó yá, ó ní kí Gbọ̀nkáà lọ mú un wá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Kórì ló wà lórí oyè Aláàfin Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n rán Tìmì olófà iná lọ sí Ẹdẹ, nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń yọ èrò ọ̀nà lẹ́nu. Aganjú jọba ṣáájú Kórì, Àjàká, ọbàkan Ṣàngó, sì jọba lẹ́yìn Ṣàngó, ṣáájú Aganjú. Ṣàngó ti di òrìṣà tipẹ́.

Ṣé Ládípọ̀ parọ́ ni? Rárá o. Bó bá to àwọn ọba wọ̀nyẹn lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀ á mọ́ bá òǹwòran lórí ìjókòó. Ọba kan, balógun méjì, ó tó. Johnson pàápàá kò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú tirẹ̀, orin sì ni arọ́kin fi ń sọ ìtàn.

Mo fa ìlà sí àárín bọ́ọ̀dù: "orí ìtàgé" lápá kan, "inú ìwé Johnson" lápá kejì. Ariwo ta. Onírúlà gbé ọfà rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, bí wọ́n bá wá bi wá nínú ìdánwò ńkọ́?"

"Wo orí bébà náà. Bó bá jẹ́ ti Lítíréṣọ̀, kọ Ṣàngó. Bó bá jẹ́ ti Ìtàn, kọ Kórì, kí o sì sọ ìwé tí o ti rí i."