Bí àpáta Olúmọ ṣe yọrí, àti ìdí tí ojú fi ń ríran jìnnà lórí ẹ̀

Tí èèyàn bá dé Abẹ́òkúta tó gbójú sókè wo Olúmọ, á rò pé ńṣe ni àpáta yẹn hù jáde látinú ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ilẹ̀ tó yí i ká ló lọ, òun ò kúrò lójú kan. Gíránáìtì ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ti yọ́ rí kó tó tutù kó dì, ilẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Òjò wá ń rọ̀, ibi tí òkúta bá ti sán ni omi ń gbà wọlé tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di iyẹ̀pẹ̀, ibi tí ò sán ò rí nǹkan ṣe é, ìgbà tí àgbàrá wá gbá iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ sódò, èyí tó le nìkan ló ṣẹ́ kù.

Bí ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ ṣe kúrò, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara ẹ̀ wá ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Àwọn èyí tó bó yẹn tóbi gan-an, wọ́n gbé ara lé ara wọn, àyè sì ń wà lábẹ́ wọn. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n dé ní 1830, kòtò tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára òkúta níbẹ̀.

Ti ìríran wá ńkọ́? Ayé rí rogodo, nítorí náà ẹni tó dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ò lè rí ilẹ̀ kọjá bíi kìlómítà 5. Tó bá fi mítà 25 ga ju ilẹ̀ lọ, ó di bíi 18, tó bá di mítà 100, ó di bíi 36. Ẹ ò rí i, kí ibi tójú ń rí tó di ìlọ́po méjì, gíga gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni pé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ló ń lérè jù.

Àmọ́ ọyẹ́ lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà láàárín December sí February máa ń bo òkè ọ̀hún lójú, kódà odò Ògùn á pòórá. Ẹni tó bá fẹ́ rí Abẹ́òkúta dáadáa, kó gòkè láàárọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, eruku á ti wálẹ̀, páànù tó ti dípẹtà á pọ́n rokoṣo títí dé ìsàlẹ̀ odò.