Kí eruku ọyẹ́ tó dé Ìkòròdú

Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, ẹni tó dúró ní èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òdìkejì ọ̀sà mọ́. Ètè á máa la, eruku á bo aṣọ tí wọ́n sá. Ṣùgbọ́n eruku yẹn kì í ṣe ti Ìkòròdú. Òjò ibí pọ̀, ewéko kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ pẹ́.

Bodélé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Omi ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí Adágún Chad ṣì tóbi ju bó ṣe rí lónìí lọ fíìfíì. Nígbà tó gbẹ, ìkarawun àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán ò lè rí ló ṣẹ́kù síbẹ̀, ó funfun, ó sì fúyẹ́. Atẹ́gùn tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá ló ń gbá a wá. Àgbẹ̀ kankan ò mọ̀ sí ìyẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́, torí àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi ọyẹ́ ru àgbẹ̀ àti darandaran Òkè Ọya.

Eruku mìíràn wà o, tí ọwọ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. Níbi tí koríko bá ti bo ilẹ̀, gbòǹgbò ń di erùpẹ̀ mú, ewé tó jẹrà ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, atẹ́gùn tó bá débẹ̀ ò ní rí nǹkan gbé. Tí wọ́n bá wá ń fi tírákítọ̀ tú ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, tí wọn ò jẹ́ kó sinmi, erùpẹ̀ á di lẹ́búlẹ́bú. Lọ́dún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa fura, torí irúgbìn á hù bò ó. Ọdún tí ọ̀dá bá dá ni àṣírí ń tú: irúgbìn ò hù, ilẹ̀ wà níhòòhò, kò sì sí omi tó máa di erùpẹ̀ mọ́ra.

Lẹ́búlẹ́bú yẹn kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dìde, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ó kéré jù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Yanrìn wẹ́wẹ́ tí kò tó ìdajì mìlímítà ni atẹ́gùn ń kọ́kọ́ gbé. Tí atẹ́gùn bá ti ń sáré tó bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, á tún já bọ́. Gbogbo ibi tó bá já sí ló ti ń gbá lẹ́búlẹ́bú sókè, bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn asẹ́ èlùbọ́. Yanrìn kì í rìn jìnnà. Lẹ́búlẹ́bú ní tirẹ̀ á gòkè, èyí tí kò sì tó 0.02 mìlímítà lè wà lófuurufú fún ọjọ́ púpọ̀. Oko kan tó ṣí sílẹ̀ tún máa ń kó bá ti aládùúgbò: yanrìn tó fò wọ ibẹ̀ á gé ewé irúgbìn, á sì fọ́ ilẹ̀ tí kò tíì fọ́.

Amẹ́ríkà jẹ ìyà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó àlìkámà lọ sókè, àwọn àgbẹ̀ Kansas, Oklahoma àti Texas sì tú pápá koríko ayébáyé. Ọ̀dá dé bá wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935, eruku sọ ọ̀sán dòru. Ọjọ́ Àìkú Dúdú ni wọ́n ń pè é títí dòní. Láàárín oṣù yẹn náà ni ìjọba wọn fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ilẹ̀.

Ní Òkè Ọya tiwa, lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń kó pòròpòrò ọkà bàbà kúrò lóko láti fi ṣọgbà, láti fi dáná, láti fi bọ́ ẹran. Ẹni tí kò ní igi ìdáná ò lè ṣe kó má kó o, àmọ́ àsìkò yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Ẹ̀pẹ́, òjò ló ń ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe lọ́hùn-ún. Oko tí wọ́n sun, tí wọn ò fi nǹkan bò, àkọ́rọ̀ òjò ló ń wọ́ erùpẹ̀ òkè rẹ̀ lọ. Ààbò wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: koríko gbígbẹ nídìí ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí tàbí ọ̀dùnkún tó ń tàn bolẹ̀ láàárín ebè. Lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ìlà igi kún un, dógonyárò sì wà lára wọn. Igi náà kì í dá atẹ́gùn dúró. Ó kàn ń dín eré rẹ̀ kù nísàlẹ̀ ni, kó má baà tó èyí tí yanrìn fi ń fò.