Aràn àti kòkòrò ẹran ọ̀sìn tí ń ran ènìyàn ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Aràn àti kòkòrò ẹran ọ̀sìn tí ń ran ènìyàn ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ń gbé inú tàbí lára ajá, ológbò àti ẹran ilé mìíràn, tí wọ́n sì lè wọ ara ènìyàn. Lára wọn ni aràn gbọọrọ, aràn pẹlẹbẹ, àwọn ohun tíntìntín tí ojú lásán kò rí, yọrọ, eégbọn àti kòkòrò tí ń fa kúrúnà. Ní Ìlọrin, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kwara láti ọdún 1967, àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwara bí Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìgbàjà, àrùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ajá ni dìgbòlugi. Ẹni tí ajá bá bù jẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Ti aràn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé ìgbà náà ni ó wọlé, ajá tó gbé e sì lè sanra kí irun rẹ̀ máa dán.

Ẹran ọ̀sìn ní agbègbè náà

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, èyí sì hàn nínú irú ẹran tí à ń bá nínú ilé. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ tó yí Ọjà-Ọba ká, ní Pakata àti Òkèléle, ológbò ni ó ń wọlé tó ń jáde. Ó ń pa eku, ó ń sùn lórí ẹní, kò sì sí ẹni tí ń lé e. Ajá pọ̀ sí i ní àwọn àdúgbò tuntun bíi Tanke, Fate àti GRA, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín lẹ́yìn ògiri kí ó lè máa ṣọ́lé. Bí a bá dé ilẹ̀ Igbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì, ajá ọdẹ àti ajá oko ni ó wọ́pọ̀. Àwọn wọ̀nyí a bá olówó wọn lọ sóko, wọ́n a jẹ ohun tí wọ́n bá rí lọ́nà, wọ́n a sì yàgbẹ́ síbi tó bá wù wọ́n.

Hadith kan tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dáadáa pa á láṣẹ pé kí a fọ àwo tí ajá bá fẹnu kàn nígbà 7. Hadith mìíràn sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká. Ìdílé tó ń tẹ̀lé èyí kì í jẹ́ kí ajá sún mọ́ ìkòkò, ìṣọ́ra náà sì dára fún àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn kì í ti inú itọ́ wá. Ìgbẹ́ ni ó ń bá jáde, ilẹ̀ ni ó sì ń dúró sí. Ilé tí ajá kò wọ̀ rí ṣì lè ní ọmọ tí ń fi ọwọ́ ko iyẹ̀pẹ̀ tí ajá aládùúgbò ti yàgbẹ́ sí, kí ó tó fi ọwọ́ náà mú àkàrà.

Àkókò tí ẹyin fi ń gbó

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olówó ajá kò gbọ́ rí, òun gan-an sì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́: ẹyin ọ̀pọ̀ aràn kò lè ran ènìyàn lọ́jọ́ tí ẹran bá yà á. Ó gbọ́dọ̀ gbó ná. Ẹyin *Toxocara canis*, aràn gbọọrọ inú ajá, sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kí ó tó lè wọ ènìyàn lára. Aràn kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun ajá, *Ancylostoma*, ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹyin rẹ̀ a pa sínú ilẹ̀ tútù, ọmọ rẹ̀ a sì ti ṣetán láti gún awọ láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Ti *Toxoplasma*, ohun tíntìntín tí ojú lásán kò rí tí ológbò ń yà, gba ọjọ́ 1 sí 5.

Nítorí náà, ìgbẹ́ tí a kó lónìí kò léwu tó èyí tí a fi sílẹ̀ títí òjò fi fọ́n ọn ká. Òjò á tú u, á pín in kiri àgbàlá, ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ kejì kò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Yóò rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ilẹ̀ kò mọ́. Abo *Toxocara* kan lè yé ẹyin tó 200,000 lójúmọ́, èèpo ẹyin náà sì le débi pé ó lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ kì í sábà pa á; omi tó ń hó ní ń pa á. Ọmọ *Ancylostoma* kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn àti ọyẹ́ ń pa á, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ ní Kwara, abẹ́ igi máńgòrò àti ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn kì í dé a máa tutù fún un dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dúró gbó. Ẹyin *Echinococcus*, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, àti *Giardia*, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè ranni lójú ẹsẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ fífọ̀ ló kù.

Aràn ajá nínú ara ọmọdé

Ọmọ ajá ni ó ń yà ẹyin *Toxocara* jù. Aràn náà ń ti ara ìyá wọ inú ọmọ kí ó tó bí i, ó sì tún ń bá wàrà wọlé, débi pé ọmọ ajá tí kò ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ lè ti máa yà ẹyin. Ikùn rẹ̀ tó yọ róbótó, tí ará ilé ń yìn pé ó ń jẹun, lè jẹ́ aràn ló kún un. Ìgbà yẹn kan náà sì ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa gbé e mọ́ra.

Bí ènìyàn bá gbé ẹyin tó ti gbó mì, aràn wẹ́wẹ́ a jáde nínú ìfun, a gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ojú tàbí ọpọlọ. Ara ènìyàn kì í ṣe ilé rẹ̀, kò lè dàgbà níbẹ̀, ó kàn ń rìn kiri ni. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Àwọn mìíràn a máa ní ibà, ikọ́, èémí tó ń han àti inú rírun. Ọdún 1952 ni Paul Beaver, onímọ̀ nípa aràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àrùn yìí lára àwọn ọmọdé.

Èyí tó bani lẹ́rù jù ni ti ojú. Ojú kan ṣoṣo ni aràn náà sábà máa ń wọ̀. Ọmọ náà kò ní sọ̀rọ̀, nítorí ojú kejì ṣì ń ríran. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ojú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́, tàbí tí olùkọ́ bá ṣàkíyèsí i, ni òbí yóò tó mọ̀. Oníṣègùn sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ó lè jọ jẹjẹrẹ ojú ọmọdé.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kò lè fi àrùn yìí hàn, nítorí aràn tí kò dàgbà kò lè yé ẹyin. Òbí lè gba èsì pé kò sí aràn nínú ọmọ, kó sì jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń wá a.

*Ancylostoma* ní tirẹ̀ ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tí kò wọ bàtà. Ìlà pupa tó ń yí kọ́rọkọ̀rọ yóò hàn lábẹ́ awọ, yóò máa gùn sí i lójoojúmọ́, yóò sì máa yúnni gidigidi, pàápàá lóru. Albendazole tàbí ivermectin tí dókítà bá kọ fúnni ni a fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ológbò àti aboyún

Ológbò a máa wú ilẹ̀ bo ìgbẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín fún ìmọ́tótó yìí. Ibi tó rọrùn jù fún un láti wú ni yanrìn tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà fún ilé kíkọ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ìgbẹ́ tí ó bá bò mọ́lẹ̀ kò rí oòrùn. Ó rọrùn fún ẹyin láti gbó níbẹ̀.

Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ rí *Toxoplasma gondii*, lára ẹranko kan ní Tùnísíà àti lára ehoro ní Brazil. Ó di nǹkan bí ọdún 1970 kí a tó mọ̀ pé inú ìfun ológbò ni ó ti ń pọ̀. Ológbò kì í yà á títí ayé: ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 ni, lẹ́yìn tó bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sábà máa ń jẹ́ láti ara eku tàbí ẹyẹ tó pa jẹ. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa náà ń kó o ran ènìyàn, kódà ẹni tí kò ní ológbò.

Lára ẹni tó lágbára, ó lè má ju ibà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Aboyún tó bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oyún ni ọ̀rọ̀ kàn: oyún lè wálẹ̀, omi lè gbárajọ sínú orí ọmọ, ojú ọmọ sì lè bàjẹ́. Ẹni tí HIV ti dín agbára ara rẹ̀ kù lè ní in nínú ọpọlọ. Síbẹ̀ kò pọn dandan kí aboyún lé ológbò jáde. Kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí aboyún wọ ìbọ̀wọ́ bí ó bá fẹ́ tu ilẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹran jinná.

Ìfun ẹran, ajá àti ọjọ́ Iléyá

*Echinococcus granulosus* jẹ́ aràn pẹlẹbẹ tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Inú ìfun ajá ni ó ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí ni ó ń fi ṣe ilé ìgbà èwe: ó ń di àpò omi sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wọn. Bí alápatà bá gé ẹ̀dọ̀ tó ní àpò omi kúrò tó sì jù ú fún ajá, ó ti parí iṣẹ́ aràn náà fún un. Ajá á máa yà ẹyin; ẹni tó bá gbé ẹyin mì á ní àpò omi nínú ara, tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora. Bí ó bá fọ́, ó lè pani.

Jíjẹ ẹ̀dọ̀ náà kò lè kó o ran ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ gba inú ajá kọjá. Ìdí nìyí tí ibi ìpẹran tí ajá ń rìn káàkiri rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ọjọ́ Iléyá tún gbòòrò ju ibi ìpẹran lọ, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ti ń pa ọ̀pọ̀ àgbò, tí kì í sì í sí ẹni tí ń yẹ ẹran wò. Ohun tí a bá gé dànù, kí a rì í mọ́lẹ̀ jìnnà tí ajá kò fi ní hú u, tàbí kí a sun ún.

Yọrọ, eégbọn àti kúrúnà

Yọrọ ń gbé aràn pẹlẹbẹ kan, *Dipylidium*, kiri. Ọmọ tó bá ṣèèṣì gbé yọrọ mì lè máa yà nǹkan bí hóró ìrẹsì. Kúrúnà ajá a máa mú ènìyàn yún, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára rẹ̀ bí a bá tọ́jú ajá náà. Eégbọn, ẹ̀mú ni kí a fi fà á yọ ní tààrà, kí a má fi èékánná fọ́ ọ.

Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà tọ́jú ìwọ̀nyí léwu ju àrùn lọ. Wọ́n a da ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò sára ajá, tàbí oògùn kòkòrò oko. Ajá á lá a, májèlé á sì wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó gbá a mọ́ra á fi ọwọ́ kan án. Permethrin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ṣe fún ajá, lè pa ológbò.

Ìdènà

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti ń fún ọmọ ajá lóògùn aràn, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Àgbà ajá ń gbà á ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyá gbọ́dọ̀ bá ọmọ gbà á. Bí ẹran bá ṣe wọ̀n sí ni oògùn ṣe ń pọ̀ sí, oògùn aràn gbọọrọ kì í sì í sábà pa aràn pẹlẹbẹ. Praziquantel ni ó wà fún ìyẹn. Fásitì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, nítorí náà ìmọ̀ yìí kò jìnnà sílé.

Àṣìṣe kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Olówó ajá á gba káàdì, á sì gbà pé ajá òun ti mọ́ tónítóní. Abẹ́rẹ́ náà kò pa aràn kankan.

Nínú ilé, ṣọ́bìrì àti ihò jíjìn tó láti fi kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́. Tapólì ni kí a fi bo yanrìn ìkọ́lé lálẹ́. A kì í fi ìgbẹ́ ajá tàbí ológbò ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́. Bí a bá sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn fún ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ikọ́ tí kò gbóògùn tàbí ojú kan tí kò ríran mọ́, kí a sọ fún dókítà pé ajá tàbí ológbò wà nílé, pàápàá bí ọmọ náà bá ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, torí ó lè má béèrè.