Dídá àwọn tútọ̀ yunifásítì lẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí ni ètò tí àwọn yunifásítì fi ń kọ́ tútọ̀ wọn, ìyẹn àwọn olùkọ́ tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, bí wọ́n á ṣe máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò rí sójú. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kọ́ nínú kíláàsì, ẹ ṣáà gbé kọ̀ǹpútà síwájú ẹ̀, ó ti parí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Open University ní Ìlú Ọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, wà lára àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ìgbà tó di 1988 ni wọ́n gbé CoSy, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wọ inú kọ́ọ̀sì ńlá kan. Ibẹ̀ náà ni Gilly Salmon ti ṣiṣẹ́, òun ló ṣàlàyé ìpele márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2000: kéèyàn rọ́nà wọlé, kí wọ́n mọra wọn, kí wọ́n máa fún ara wọn ní ìsọfúnni, kí wọ́n jọ ronú dé ìmọ̀ tuntun, kí kálukú wá lè dá rìn.

Ìpele kejì yẹn ló rọrùn jù láti fò. Tútọ̀ á ju ìbéèrè ńlá sílẹ̀ ní Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè á dé ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn, á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ojú ló ń tì wọ́n torí wọn ò mọ ẹni tó máa ka ohun tí wọ́n bá kọ. Ká ní ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń rí látojú fèrèsé yín ni, wọ́n á fọhùn. Tí ọ̀rọ̀ bá wá pọ̀, iṣẹ́ tútọ̀ ni híhun: á mú ohun tí ẹni mẹ́ta mẹ́rin sọ, á fi hàn ibi tó ti bára mu àti ibi tó ti yapa, á sì fi ìbéèrè míì lé e.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ló yẹ kí tútọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ yìí, kóun náà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ná, kó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn kọ̀wé kí wọ́n má fèsì.

Ní Nàìjíríà, wọ́n dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, ìjọba tì í ní 1984, ó sì padà wọlé ní 2002. Owó dátà àti iná tí kì í dúró ló máa ń fa wàhálà níbí, fídíò wákàtí kan lè jẹ dátà akẹ́kọ̀ọ́ tán. Torí náà ó yẹ kí tútọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò sí kéékèèké, tàbí kó fi ohùn lásán ránṣẹ́, kó sì fi fóònù ara ẹ̀ wọ kíláàsì náà wò pẹ̀lú dátà tó fowó ara ẹ̀ rà.